Kọ̀mpútà Tó Gbé Ohùn Ìyá Mi Mì

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Gbogbo ẹni tó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù lọ́sẹ̀ náà ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé ikú ìyá mi ló ń bí mi nínú. Ìyá mi gbó, ó tọ́. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí nínú ilé mi ní Aramọkọ, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, tó sì ní kí n bá òun ṣí fèrèsé. Ikú bẹ́ẹ̀ kì í bí èèyàn nínú. Kọ̀mpútà ló ń bí mi nínú.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni ìyá mi. Ó lọ́kọ sí Aramọkọ, ó bí mẹ́rin fún bàbá mi, èmi ni àkọ́bí. Bàbá mi ti lọ tipẹ́; iwájú ilé ẹbí ni sàréè rẹ̀ wà, wọ́n lẹ táìlì funfun mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta tí ìyá mi kú, mo lọ sí ilé ẹbí yìí pé kí a jọ sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Kí n tó wọ ọgbà ni mo ti gbọ́ dígà. Mo bá ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi, ó ti jìn dé orúnkún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, jókòó sábẹ́ àwọn igi ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Àkọ́bí obìnrin ni mí o, mo ti pé ọgọ́ta ọdún, kò bi mí!

Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé wọ́n kọ́ mi. Mo wá ní, "Bàbá, Màmá ní Ẹ̀fọ̀n ni kí a sin òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ló gbọ́?"

Mo ní èmi ni.

"Ìwọ àti ta?"

Mo ní èmi nìkan. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Tíṣà, gbọ́ mi dáadáa. Ìyàwó tó bá kọ ọkọ ni a ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ ò kọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá wá gbé òkú rẹ̀ fún àwọn ará Ẹ̀fọ̀n, ṣé wọn ò ní sọ pé ojú rẹ̀ rí màbo nílé wa ni? Ṣé èmi ni màá fi ẹnu ara mi tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká?"

Mo ní mo ní ẹ̀rí. Mo ní ohùn ìyá mi wà nínú kọ̀mpútà nílé mi, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dáa, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ẹbí á jókòó, kí n gbé ohùn náà wá kí gbogbo wa gbọ́ ọ. "Bí o ò bá rí i gbé wá, a jẹ́ pé o pa irọ́ mọ́ òkú. Sàréè ti wà nílẹ̀." Ọjọ́rú ni a wà lọ́jọ́ náà.

Pa irọ́ mọ́ òkú! Èmi! Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, mi ò dá ọlọ́kadà kankan dúró, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìjà ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ohùn ṣe dénú kọ̀mpútà. Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa nítorí àìsàn tó gba ayé kan, wọ́n ní kí àwa olùkọ́ máa gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo wá ra kọ̀mpútà tòkunbọ̀, èyí tí àpótí rẹ̀ dá dúró, tí ojú rẹ̀ dá dúró, pẹ̀lú gbohùngbohùn kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo gbé e sí igun pálọ̀, mo fi aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi hun bo àpótí rẹ̀ lórí, mo sì ń tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti máa ń rí mi tí mò ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ní, "Tan ẹ̀rọ yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó bá mi gbé pamọ́."

Mo tàn án fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìsìnkú rẹ̀, etí mi gbọ́ ìyẹn. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ni mo gbọ́ òórùn ìrẹsì tó ń jó, mo sáré lọ sí kíṣìnnì. Obìnrin aládùúgbò mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀fọ́ mi, ọ̀rọ̀ wá di ariwo láàárín wa. Nígbà tí mo fi máa padà sí pálọ̀, ìyá mi ti lọ dùbúlẹ̀. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo tọ́jú ohùn náà sínú rẹ̀, ó parí. Mi ò tẹ́tí sí i rí. Ta ló ń tẹ́tí sí ohùn ẹni tó wà láàyè, tó ń pè é látinú yàrá nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ pé gíláàsì òun dà?

Ohun kan tún wà nípa ìyá mi. Ìjọ aládùúrà ló ń lọ láti kékeré, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí ọkọ mi ń lọ. Láràárọ̀, bí ó bá ti gbàdúrà tán, á gbé ìgò omi àdúrà rẹ̀, á máa wọ́n ọn kiri ilé. Á wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà, sí orí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, sí ara fíríìjì, sínú bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ jáde. "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo kígbe títí pé ó ń sọ kápẹ́ẹ̀tì mi di ẹrẹ̀. Etí ìyá mi kì í gbọ́ ohun tí kò bá fẹ́ gbọ́.

Bí mo ṣe délé lọ́jọ́rú náà, mo ṣí aṣọ kúrò lórí àpótí, mo tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré tàn, fáànù inú rẹ̀ yí, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun díẹ̀ yọ, ó kú. Ó tún gbé ara rẹ̀ tàn, lẹ́tà yọ, ó kú. Ó ń ké kúù, kúù, kúù, bí ọmọ adìyẹ tó sọnù. Mo yọ wáyà, mo kì í bọ ihò mìíràn lára ògiri. Ó tàn, ó kú. Mo yọ ọ́ lára ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró, mo fi í kan iná gan-an. Ó tàn, ó kú. Àfi bí àwọn oníná ṣe mú iná wọn lọ, bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ mi láti ojú fèrèsé! Mo lọ fa jẹnẹrétọ̀ títí apá mi fi ń dùn mí. Ìyẹn gbà láti ṣiṣẹ́. Kọ̀mpútà tàn, ó kú.

Mo gbá a lórí. Mo bú u. Àgbà obìnrin tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo dúró níwájú àpótí irin, mò ń pè é ní olóríburúkú. Ọkọ mi yọjú wò mí láti yàrá, ó padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe àbúrò mi tó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ní kí n tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, pé màá rí irin pẹlẹbẹ kan tó gùn bí ìka, kí n yọ ọ́, kí n fi rọ́bà tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ pa eyín rẹ̀ dáadáa, kí n dá a padà. Rọ́bà lásán? Ó ní rọ́bà lásán. Rọ́bà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi í sọ ara wọn lókò ní kíláàsì ṣì kún inú dúrọ́ọ̀ mi. Mo pa á, mo pa á, ó ń dán. Mo rí ohun kan tó ní àwọ̀ ewé lára pátákó inú àpótí náà, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó tàn. Ó kú.

Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀mpútà ṣe lẹ́bàá ọjà. Kò tíì fọwọ́ kàn án dáadáa tó fi ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú. Mo máa fọ́màtì rẹ̀ ni."

Mo ní kí ni ìyẹn.

Ó ní, "Mo máa fọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù. Á wá dà bí tuntun."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni. Àṣé ó ti na ọwọ́ sí wáyà. Mo fò dìde, mo sì já àpótí náà gbà. "Ṣé orí rẹ pé? Ìyá mi wà nínú rẹ̀!" Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yíjú. Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wò mí, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò ṣàlàyé. Mo gbé ẹrù mi, mo ń lọ. Ó wá sáré tẹ̀ lé mi títí dé ojú títì, ó ń dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, ó ní òun ò mọ̀, pé obìnrin kan wà ní Ẹ̀fọ̀n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan jáde nínú èyí tó ti kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín sí i. Ká ní mo lọ ra omi lọ́dọ̀ alátẹ tó wà níwájú rẹ̀ ni ńkọ́? Màá dé, màá bá ìyá mi ní fífọ̀ dànù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ takisí tó ń lọ Ẹ̀fọ̀n. Awakọ̀ ní kí òun bá mi gbé àpótí sí búùtù. Mo ní ṣé ó máa gbé ìyá tirẹ̀ sí búùtù ni? Ó ní, "Mà?" Mo gbé e lé itan mi, mo sì wé ọwọ́ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, etí mi dí, eyín mi wa pọ̀. Mò ń rò ó pé bí obìnrin yìí bá sọ pé kò ṣeé ṣe, mi ò mọ ojú tí màá fi wo sàréè yẹn lójoojúmọ́ ayé mi.

Ọ̀dọ́ abiyamọ ni obìnrin náà, ó pọn ọmọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ó tú àpótí náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti da omi sí i."

Kò bi mí léèrè o. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ni inú mi bá tún ru. "Ṣé mo jọ ẹni tó ń da omi sí kọ̀mpútà? Olùkọ́ ni mí fún ọdún márùndínlógójì!"

Kò bá mi jà. Ó fi orí bírò tọ́ka sí ohun aláwọ̀ ewé tí mo rí lára pátákó, ó ní ìpẹtà ni. Ó fi hàn mí bí ó ṣe ṣàn wálẹ̀ láti ibi àwọn ihò tó wà lórí àpótí, abẹ́ aṣọ tí mo hun gan-an. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà o, mà. Ẹnì kan ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́."

Mo jókòó. Kí ó tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ ẹni náà.

Ẹ̀yin ẹ wò ó! Mo ti bú oníná. Mo ti bú ẹni tó tà á fún mi. Mo ti bú ọkùnrin tó fẹ́ fọ́màtì rẹ̀, mo sì ti fẹ́ bú àbúrò mi nítorí rọ́bà. Ìyá mi ni! Ìyá mi, tí mo bẹ̀ pé kó má wọ́n omi sí nǹkan iná, tó fèsì pé iná ta ló ju ti Ẹ̀mí lọ. Inú bí mi débi tí ojú mi ṣókùnkùn. Ká ní ó wà láàyè lọ́jọ́ náà ni, ńṣe ni ì bá gbọ́ ẹnu mi láti Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n mọ́ṣúárì ló wà, ta ni mo fẹ́ bá jà?

Obìnrin náà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àpótí ló kú, pé ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí kò kú. Ó tú irin kan jáde nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju ìwé orin kékeré lọ, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀mpútà tirẹ̀. A dúró. Orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tí mo gbà sílẹ̀ yọ, ìṣirò, àkàyé, ìmọ́tótó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí "Màmá". Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?" ni ìyá mi wí.

Mo fi ìborùn mi bo ẹnu. Mo gbọ́ ọ títí dé ibi tó ti dárúkọ Ẹ̀fọ̀n, mo wá ní kí ó pa á. Mi ò lè sunkún níwájú ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní ìyá òun náà ń wọ́n omi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí pé. Wọ́n jókòó yí pálọ̀ ilé ẹbí ká, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, a ń wo ihò yẹn látinú ilé, ó ti jìn ju èèyàn lọ báyìí. Mo gbé fóònù lé orí àpótí kékeré, mo yí i sókè pátápátá. Àbúrò bàbá mi ní, "Tíṣà, ìbínú ò da nǹkan o. Fara balẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ìyá mi kún inú ilé. "Bí mo bá kú, ẹ má sin mí sí Aramọkọ. Kì í ṣe pé wọ́n fìyà jẹ mí o. Ọkọ mi tọ́jú mi. Àbúrò ọkọ mi náà tọ́jú mi, òun ló ra súwẹ́tà tí mo wọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ mi yìí gan-an ni mò ń bí lọ́wọ́. Wọ́n ti sin ín kí ara mi tó le. Mi ò bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá wá sùn tì í. Ẹ gbé mi lọ ulé, ní Ẹ̀fọ̀n."

Bàbá náà gbé orí sílẹ̀ níbi tó ti dárúkọ súwẹ́tà. Ó yẹ kí n pa á níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ò tíì gbọ́ ọ kọjá ibẹ̀ rí, mo jẹ́ kó máa lọ. Ó sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ń gbọ́ ariwo ọ̀nà jíjìn, èmi àti aládùúgbò mi lórí ewúrẹ́. Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàtà rọ́bà ń wọ́ nílẹ̀, ó lọ, ó padà. Ìdérí ìgò ṣí. Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ohùn rẹ̀ sì súnmọ́ gbohùngbohùn débi pé a ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Olúwa, ohùn mi ló wà nínú àpótí yìí. Mo mọ àwọn àna mi, wọn ò ní gba ọmọ mi gbọ́. Má jẹ́ kí ohùn mi bàjẹ́. Má jẹ́ kí ọmọ mi di òpùrọ́ lójú wọn. Màá máa wọ́n ọn sí i láràárọ̀."

A wá gbọ́ omi tó ń kán sórí irin, tó, tó, tó.

"Màmá!" Mo kígbe. "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́! Ẹ̀yin gan-an!" Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń gbé mi, wọ́n dì mí mú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ ohun tí omi yẹn ṣe, mi ò sì rí ẹnu sọ ọ́.

Àbúrò bàbá mi dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún àwọn tó wà níta pé, "Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò yẹn."

A sin ìyá mi sí Ẹ̀fọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìgò omi àdúrà rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì kọ̀mpútà láti ọjọ́ tó kú, ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀, mo gbé e dání lọ. Kí wọ́n tó bo sàréè, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo sì wọ́n ọn sí orí pósí. Inú ṣì ń bí mi. Mo wọ́n ọn títí ìgò fi gbẹ.